Ògúnrìndé ní Pápá Ìbọn

Ní abà Olókùúta, kò sí alágbẹ̀dẹ tó mọ àdá rọ tó Ògúnrìndé, kò sì sí olórí kunkun bíi tirẹ̀. Ogún ọdún ni Ṣíjúadé, ìyàwó rẹ̀, ti fi ń bá a sọ̀rọ̀. Itọ́ ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Lódìkejì odò ni pápá tí àwọn sójà ti ń kọ́ ìbọn yíyìn wà. Àwọn ọkọ̀ ogun àtijọ́ tí wọ́n pa tì síbẹ̀ ni wọ́n máa ń yìnbọn sí. Koríko ti bo òmíràn dé fèrèsé. Abẹ́ àwọn ọkọ̀ yìí ni ojú Ògúnrìndé wà, nítorí irin sípíríǹgì ibẹ̀ ló dára jù fún àdá. Ìgbà ìṣánko ti wọlé, àwọn àgbẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò sì sí irin nílé arọ.

Nígbà tó di ọjọ́ Ògún, tí gbogbo alágbẹ̀dẹ máa ń pa iná arọ, ó mú sípánà, ó kọrí sódò. Ṣíjúadé gbá tẹ̀lé e.

"Bàbá Ìdòwú, ẹ ò rí aṣọ pupa lórí òpó yẹn ni? Wọ́n ní bí wọ́n bá ti ta á sókè, ìbọn fẹ́ dún."

"Òní ọjọ́ kí ni?"

"Ọjọ́ Ògún."

"Ta ló ni ìbọn?"

"Ògún náà ni."

"Ó tán! Ṣé sójà tó ń fi irin jẹun ló máa yìnbọn lọ́jọ́ Ògún?"

"Ta ló sọ fún yín pé sójà mọ ọjọ́ Ògún? Ẹ̀yin gan-an ń lọ ṣiṣẹ́!"

"N kò lu irin. Títú ni mo fẹ́ tú u. Bẹ́rù bá ń bà ọ́, padà sílé."

"N kò padà. Wọ́n á nílò ẹni tó máa júwe ibi tí òkú yín wà."

Nígbà tí wọ́n sọdá odò, Ṣíjúadé dúró sẹ́yìn òkìtì ọ̀gán kan, ó káwọ́ lérí. Ògúnrìndé rá pálá wọ abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan. Ó tú nọ́ọ̀tì kìíní, ó tú èkejì.

"Ẹ máa bọ̀ o!" ni Ṣíjúadé ń ké.

Ògúnrìndé yọrí síta láti fi í rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìdòwú, ìbọn ọ̀hún dà?"

Gbàù!

Fìlà fò lórí rẹ̀. Ọta ìbọn lu ìlẹ̀kùn ọkọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ó dún gbaŋ. Ṣíjúadé ké "Bàbá Ìdòwú" lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà tó yá, koríko mì, Ògúnrìndé fàyà wọ́ dé ẹ̀yìn òkìtì. Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ tú gbogbo orí rẹ̀ wò. Kò sí ẹ̀jẹ̀.

"Fìlà mi!" lọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Kí lẹ wí?"

"Òun ni mo fẹ́ dé lọ síbi ìdána Ìdòwú lọ́la. Mo rí ibi tó bọ́ sí. Jẹ́ n sáré mú un."

Ó ti yíjú padà. Ṣíjúadé di ìdí ṣòkòtò rẹ̀ mú.

"Ògúnrìndé!"

Ọkọ dúró gbagidi. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, Ṣíjúadé kò pe orúkọ rẹ̀ rí.

"Orí rẹ ni ikú wá gbé lónìí. Fìlà ló rí mú lọ. O wá fẹ́ lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé o ò mọ ọpẹ́ dá ni?"

Gbàù! Iyẹ̀pẹ̀ fọ́n ká níbi tí fìlà wà. Ògúnrìndé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bóyá ìbọn ló dọ̀bálẹ̀ fún o, bóyá ìyàwó rẹ̀ ni, òun nìkan ló mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, orí láìsí fìlà ló gbé lọ sí ìdána ọmọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn àna bi í léèrè, ó rọra ròyìn. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà, bí wọ́n bá rí ẹni tó bọ́ nínú ewu ńlá tó tún ń ráhùn ohun kékeré, ti máa ń pa á lówe pé: ikú tí ì bá pani, bó bá ṣíni ní fìlà, ká dúpẹ́.