Omi Àwẹ̀ró Lórí Àpáta Ibodè

Ògúngbèmí fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ kùsà ni àwọn méjèèjì jọ ń ṣe ní Ìsàlẹ̀ Àpáta láyé ọjọ́un. Àwẹ̀ró a máa fi igbá fọ yanrìn dúdú létí odò títí tánńganran, irin tó ń tètè yọ́ nínú iná, yóò fi ṣẹ́kù sísàlẹ̀ igbá. Ọkọ rẹ̀ a yọ́ ọ nínú iná, a dà á sínú ihò amọ̀, a sọ ọ́ di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ funfun tí àwọn oníṣòwò òkèèrè ń wá rà.

Kí ọ̀pá náà tó dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò, ó gbọ́dọ̀ gba ibodè kọjá, níbi tí oníbodè ti ń mú ọ̀kan nínú mẹ́wàá fún ọba. Orí àpáta ńlá kan ni ibodè yìí wà, òfin rẹ̀ sì le. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ bàtà gùn ún, nítorí ojú ọba ni. Ẹrù tó bá kanlẹ̀ lórí rẹ̀ ti di ti ọba. Bí oòrùn bá sì ti kan àtàrí, ìlẹ̀kùn ti tì nìyẹn.

Láàárọ̀ kùtù, àpáta a tutù. Tí oòrùn bá ròkè, a gbóná bí ìkòkò orí iná. Nítorí náà ni Àwẹ̀ró ṣe máa ń ru omi lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ibodè, tí á máa dà á síwájú ẹsẹ̀ àwọn aláàárù tó bá pẹ́ dé.

Ọkọ rẹ̀ a ní, "Àwẹ̀ró, yanrìn tí ò ń fọ̀ kò tó ọ, àpáta lo tún fẹ́ fọ̀?"

"Baálé mi, ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn kì í ṣe irin. Ẹ jẹ́ n fọ àpáta mi."

"Ó dáa o, Ìyàwó Àpáta."

Lọ́dún kan, ó ku ọjọ́ ibodè kan ṣoṣo kí òjò tó dí ọ̀nà. Bí wọn kò bá tajà lọ́jọ́ náà, kò sí oníṣòwò mọ́ títí di ẹ̀ẹ̀rùn, iṣu sì ti tán lábà. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni amọ̀ tí Ògúngbèmí ń da ọ̀pá sí là, tí gbogbo tánńganran ṣàn sínú eérú. Wọ́n ṣà á, wọ́n tún un yọ́, Àwẹ̀ró ló ń fín ẹwìrì. Nígbà tí wọ́n parí, oòrùn ti mú. Kálukú ru ẹrù tirẹ̀. Ta ló kù tí yóò ru omi?

Wọn kò tí ì dé àárín àpáta tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ti ń jó. Ògúngbèmí bojú wẹ̀yìn, ó rí omi lójú ìyàwó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ iṣu kúrò lọ́kàn rẹ̀.

"Àwẹ̀ró, sọ ẹrù yẹn kalẹ̀! Kí ọba máa kó o lọ."

"N kò sọ ọ́, Baálé mi. Kí la ó jẹ?"

Láwọyin, àgbà aláàárù kan, ló tajú kán rí wọn láti ẹnu ibodè. "Ẹ̀yin ará, ìyá olómi wa rèé lórí iná o!" Ó já kèrègbè omi mímu rẹ̀ ní ìbàdí, ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó ń dà á síwájú ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró. Àwọn aláàárù yòókù rọ́ tẹ̀ lé e. Oníbodè fúnra rẹ̀ gbé àmù rẹ̀ jáde. Ògúngbèmí wọ ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀, ó ń tẹ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò, títí wọ́n fi wọlé. Oníbodè mú ọ̀pá tó tọ́ sí ọba pé pérépéré o, kò fi ẹyọ kan jìn wọ́n. Lẹ́yìn náà ló ti ìlẹ̀kùn.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn padà dé, Ògúngbèmí ni wọ́n rí tó ru ìkòkò omi bọ̀ lórí àpáta. Láwọyin bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ Àpáta, kí lẹ fẹ́ fọ̀?"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ mi ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí àpáta yẹn ló mú kí àwọn àgbà máa wí títí dòní pé ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.