Ọkùnrin Tó Ní Kí Ọ̀nà Dí

Ní ìlú kan tí igbó ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn. Òun ni àgbà ilé wọn. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, wọ́n á ti máa pè é. Ẹni méjì ń jà, kó wá là wọ́n. Wọ́n bímọ, kó wá sọ ọ́ lórúkọ. Ẹnì kan kú, kó wá fi ibi tí wọn yóò sin ín sí hàn wọ́n. Bó bá fẹ́ bu òkèlè sẹ́nu, wọ́n á kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà kì í kọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó pé ọmọ àádọ́ta ọdún, ó wá rí i pé òun kò tíì jókòó jẹ́ẹ́ rí láti gbọ́ ohun tí ọkàn òun ń sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo igbó yẹn bí ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ ṣe ń wo ìkòkò omi.

Jẹ́ kí n sọ àṣà ìlú náà fún ọ kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé ọ. Bí ọyẹ́ bá ti dé, gbogbo ìlú a jáde lọ ṣán ojú ọ̀nà tó lọ sínú igbó. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ìpín tirẹ̀, láti ìdí igi kan dé ìdí igi kejì. Bí wọ́n bá ṣán an tán, olórí àwọn àgbẹ̀ á máa pe orúkọ àwọn baálé lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá ti ṣe tirẹ̀ á sì dáhùn. Ẹni tí igbó bá bo ìpín rẹ̀ lọ́dún méjì léraléra, wọn kò ní pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Wọ́n gbà pé ó ti lọ nìyẹn. Wọ́n á pín oko rẹ̀, wọ́n á fi ilé rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìpín ọkùnrin yìí ló kẹ́yìn, níbi tí ọ̀nà ti wọ igbó dúdú lọ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó di àpò rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń bó iṣu lọ́wọ́. Ó sọ fún un pé òun ń lọ sínú igbó, pé òun fẹ́ mọ irú ẹni tí òun jẹ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá pe òun. Ó ní kí wọ́n má wá òun. Obìnrin náà kò sunkún, kò sì bẹ̀ ẹ́. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Bàbá Àwẹ̀ró, ta ló máa ṣán ojú ọ̀nà yín?"

"Jẹ́ kó dí," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Bó bá dí, ara mi á balẹ̀."

"Ó dàbọ̀ o," ni obìnrin náà dáhùn, bí ẹni pé ọjà ni ọkọ rẹ̀ ń lọ. Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó ń bó iṣu lọ.

N kò ní purọ́ fún ọ. Igbó náà dùn mọ́ ọkùnrin yìí. Ó rìn títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ omi kan tó ń ṣàn láàárín àpáta, ó sì kọ́ ahéré kékeré síbẹ̀. Ó ń jẹ olú, ó ń jẹ ìgbín, ó ń wa iṣu igbó. Láàárọ̀, kùrukùru a bo ilẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, àwọn igi a sì dà bí ohun tí kò fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Oòrùn á wá máa já wọlé láàárín ewé, á máa rìn lórí ilẹ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn, òun náà á máa sún tẹ̀lé e títí ọjọ́ á fi lọ. Kò mọ ọjọ́ ọjà mọ́. Nígbà mìíràn ó lá àlá pé òun jókòó lẹ́bàá omi. Bó bá lajú, á rí i pé ẹ̀bá omi náà lòun jókòó sí, kò sì ní mọ èyí tí í ṣe àlá nínú méjèèjì. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́. Ó wá ń gbọ́ ohun tí ọkàn náà ń sọ wàyí, ohun tó ń sọ kò sì pọ̀. Ó kàn ń sọ pé ayé dára ni.

Ọdún kan kọjá, òmíràn tẹ̀lé e, títí ó fi kù díẹ̀ kó pé márùn-ún. Ọ̀nà tó gbà wọ igbó ti dí pátápátá. Ó mọ̀ pé nílùú, wọn kò ní máa pe orúkọ òun mọ́. Ó dùn ún díẹ̀, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé òmìnira tí òun wá nìyẹn.

Nígbà ọyẹ́ ọdún karùn-ún, ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i pé èso igi àràbà tó wà lókè omi ti là. Òwú rẹ̀ ń já bọ́ láìdún. Ó bo àpáta, ó bo ojú omi, ó funfun lọ dé ibi tí ojú lè rí i dé, omi náà sì ń gbé e lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn. Ọkùnrin náà kò rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó na ọwọ́ sí i, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Wò ó."

Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà síwájú. Ìbànújẹ́ tó bá a lọ́jọ́ náà ju gbogbo wàhálà tó rí nílùú lọ. Ohun tó wá wá sínú igbó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kò sì ní ẹni tí yóò fi í hàn. Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó kọrí sílé.

Àmọ́ ọ̀nà ti dí, gẹ́gẹ́ bó ṣe ní kó dí. Ọyẹ́ bo gbogbo nǹkan lójú. Ó rìn lọ́jọ́ kìíní, ó rìn lọ́jọ́ kejì, igi kan náà ló ń bá pàdé. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, oúnjẹ tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó rò ó pé òun máa kú síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀. Ó tún rò ó pé bí òun tilẹ̀ délé, ẹlòmíràn ni yóò jáde wá bi òun pé ta lòun ń wá. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Ẹkún náà ló ń sun lọ́wọ́ tó fi gbọ́ ìró àdá.

Ó la igbó kọjá lọ síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀nà ni. Ó fẹ̀ tó kí ènìyàn méjì rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ti ọ̀dọ̀ ìlú wá, ó sì parí lójijì láàárín igbó, níwájú obìnrin kan tó ro aṣọ mọ́dìí, tí àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni. Obìnrin náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀," ó ní.

"Ṣé mi ò ní kí ọ̀nà yẹn dí ni?" ni ọkùnrin náà bi í.

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, èmi ò bá yín sọ ọ́." Ó nu òógùn ojú rẹ̀. "Bí wọ́n bá pe orúkọ yín, èmi ni mò ń dáhùn. Bí mo bá ṣán ìpín yín tán, màá ṣán díẹ̀ sí i síwájú. Mi ò mọ ibi tí ẹ wà. Mo kàn ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ ni."

Ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àtẹ́lẹwọ́ náà ti le bí èèpo igi.

"Ṣé ibi tí ẹ lọ yẹn dára?" ni obìnrin náà bi í.

"Ó dára."

"Omi kan ń dún níwájú. Ṣé ibẹ̀ ni?"

Ọkùnrin náà tẹ́tí sílẹ̀. Omi tirẹ̀ ni. Láti ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yìn ahéré ara rẹ̀ ló ti ń yí po. Ojú tì í, ẹ̀rín sì pa á. Ó gba àdá lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ṣán ìwọ̀nba tó kù, wọ́n sì jọ dé etí omi. Òwú àràbà ṣì ń já bọ́. Obìnrin náà jókòó lórí àpáta, ó ti ẹsẹ̀ bọ omi, ó ń wo òwú náà títí oòrùn fi yẹ̀ lórí igi. Ọkọ rẹ̀ ń wò ó. Ìgbà náà ló tó rántí pé gbogbo àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn òun, obìnrin yìí ló ń ṣílẹ̀kùn fún wọn, òun ló ń bu omi fún wọn mu, òun ló sì ń se ohun tí wọ́n jẹ kí wọ́n tó lọ.

"Ibí yìí dára," ni obìnrin náà wí nígbẹ̀yìn. Kò bínú. "Ẹ ò bá mú mi dání."

Ìwọ náà ti wá bá mi lẹ́ẹ̀mẹta lórí ọ̀rọ̀ yìí. O ní ilé ti sú ọ, o ní ariwo pọ̀ jù, o fẹ́ lọ síbi tí ọkàn rẹ yóò ti balẹ̀. N kò ní kí o má lọ. Igbó dára, ẹni tó bá ní kò dára kò tíì débẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí o wá, àárẹ̀ tìrẹ nìkan lo rò fún mi. Ọdún mẹ́tàlélógún rèé tí ìyàwó rẹ ti ń jí ṣáájú rẹ. Máa lọ sílé. Kí o tó di àpò, bi í léèrè bóyá ó ti rẹ òun náà.