Ìjàpá Fi Omi Du Ẹgbẹ́ Àáró Rẹ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá gbá, ó bọ́ sáàárín ẹ̀ẹ̀rùn, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo. Inú ti ń bí mi sí i kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, Ìjàpá, Ẹfọ̀n àti Ìgalà jọ ń ṣe àáró. Wọ́n á kọ ebè lóko ẹnì kan lónìí, wọ́n á lọ sí ti ẹlòmíràn lọ́la. Bí olóko bá ṣe tọ́jú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ lóko tiwọn.

Ó kan oko Ìjàpá. Oòrùn ń ta bí iná. Ìjàpá ní nínú ara rẹ̀ pé, "Bí wọ́n bá ń mu omi, wọ́n á máa sá lọ tọ̀. Ta ni yóò wá kọ ebè mi?" Olójúkòkòrò! Ó gbé akèrègbè omi pamọ́ sínú igbó, òun nìkan ló ń yọ́ lọ mu ún.

Ìgalà ní, "Ìjàpá, òùngbẹ ń gbẹ mí."

"Omi kì í wọ oko lọ́jọ́ àáró! Omi ló ń sọ alágbára di ọ̀lẹ. Ẹ kọ ebè!"

Wọ́n ń kọ ọ́. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Ẹfọ̀n, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bí àgbo. Ètè Ìgalà bó, kò làágùn mọ́, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú gbì. Ìgalà, abiyamọ tó fi ọmọ ọwọ́ sílé! Ẹfọ̀n gbé e dé odò, ó ń rọ omi sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ títí ó fi lajú.

Ẹ mọ ohun tí Ìjàpá sọ? "Ebè mi kò tíì parí!" Òṣìkà!

 Nígbà tó yá, ó kan oko Ìgalà. Ìjàpá kọ ebè títí ahọ́n rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu.

"Ìgalà, jọ̀ọ́, omi dà?"

"Omi kì í wọ oko lọ́jọ́ àáró. Ìwọ lo ṣòfin."

"Mò ń kú lọ o!"

Ẹfọ̀n figbe ta. "Àṣé o mọ̀! O mọ̀ pé omi ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rìn. Òun ló ń di òógùn tó ń tu ara, òun ló ń kó ìdọ̀tí inú jáde. O mọ̀, o sì fẹ́ pa ìyá ọlọ́mọ nítorí ebè!"

Ìjàpá dákú. Ìgalà sáré bu omi, ó rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Nígbà tó lajú, Ìgalà ní, "Èmi kì í fi omi du ẹni tó ń kú. Ṣùgbọ́n àáró èmi pẹ̀lú rẹ parí lónìí." Láti ọjọ́ náà ni Ìjàpá ti ń dá kọ ebè rẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá fi omi du ara, ẹ̀mí ló fi dù ú. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba alágbàṣe, ẹ má wolẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Bí mo bá purọ́, kí ọ̀fun mi gbẹ bíi ti Ìjàpá.

Mọ́ríyìn ọmọ mi, dìde, gbé omi fún àwọn tó toko dé.