Ìyẹ́ Tí Lékèélékèé Fi Ń Bo Ọmọ

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Àlọ́ o.

Ààlọ̀.

Àlọ́ mi fò nínú òṣùpá, ó bà sórí Lékèélékèé, abiyamọ kan ní ìlú tí Ẹfọ̀n ti jẹ ọba.

Ilẹ̀ le jù fún ẹ̀gbẹ́ Ẹfọ̀n, ó ní kí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan san ìyẹ́ kan fún ibùsùn òun. Lékèélékèé fi ayọ̀ san án, nítorí ọba ló ń bá wọn lé ejò. Kò pẹ́, ọba tún gba ìyẹ́ apá kan. Nígbà kẹta, Ìjímèrè ìránṣẹ́ tún dé.

“Ìyá Funfun, ọba ní ibùsùn òun kò tíì rọ̀.”

“Bàbá, èyí tó kù ni mo fi ń bo ọmọ.”

“Ṣé ìyẹ́ lọmọ ń jẹ ni?” Ó rẹ́rìn-ín, ó tu gbogbo rẹ̀.

Ìrì sẹ̀, ọmọ ń gbọ̀n. Lékèélékèé kò lè fò mọ́, ó gbé ọmọ, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sáàfin, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹfọ̀n ọba, rọra gbà,
*Fẹ̀rẹ̀ fẹ̀.*
Òtútù ń mọ́mọ mi,
*Fẹ̀rẹ̀ fẹ̀.*

“Kábíyèsí, ìyẹ́ mi ló wà lábẹ́ yín. Ẹ bá mi fi bo ọmọ mi.”

Ẹfọ̀n kó ìyẹ́ lé ọmọ náà. Bí Ẹfọ̀n ti mí, gbogbo rẹ̀ fò lọ sínú òṣùpá. Ó tún kó o, ó tún fò. Nígbà kẹta, ó di èémí mú títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, ṣùgbọ́n kò sí bí kò ṣe ní mí.

Ó wo ọmọ náà títí. Ó ní, “Láti òní, ìyẹ́ tó bá já fúnra rẹ̀ nìkan ni tọba.”

Ó dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ líle, ó fi ikùn gbígbóná rẹ̀ ṣe ìtẹ́ fún ọmọ náà, títí ìyẹ́ ìyá rẹ̀ fi hù.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi sùn sí. Ẹ̀yin náà, ẹ fa aṣọ bora.