Ẹtu Dùbúlẹ̀ Lórí Pápá

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ẹtu, akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ eré sá jù ní yunifásítì àwọn ẹranko.

Lọ́jọ́ kan, ó sọ fún Ìkookò, olùkọ́ eré sísá wọn, pé, "Ẹsẹ̀ ń dùn mí, sà."

Ìkookò ní, "Ife ẹ̀yẹ ni oògùn ẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Ẹtu ní òun kì í rí oorun sùn mọ́. Ìkookò bá jí gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sáré kí àkùkọ tó kọ, ó kọ́ wọn ní àǹfààní oorun títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọjọ́ kẹta ni ìdíje. Ẹtu sá dé ìdajì, ó ṣubú. Ìkookò figbe orin ta, ẹ bá mi gbè é:

Ẹtu, dìde o!
*Ó rẹ̀ mí o!*
Gbogbo ayé ń wò ọ́ o!
*Ó rẹ̀ mí o!*

Ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá dùbúlẹ̀ tì í.

Erin, ọ̀gá yunifásítì, bínú: "Ta ni yóò wá bá wa sáré?"

Ẹtu ní, "Kì í rẹ olùkọ́ wa, sà."

Erin ti Ìkookò sórí pápá. Ìkookò kò tíì yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan tó fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun lọ sílé ìwòsàn.

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ní ó rẹ òun, wọ́n ń gbà á gbọ́.

Ibi tí àlọ́ mi jókòó sí nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ lọ sùn.