Ìdí Tí Ìgbín Fi Ń Dí Ẹnu Ilé Rẹ̀ Nígbà Ọyẹ́

Nígbà láéláé, nígbà tí ilé Ìgbín kò tíì ní ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni tó bá kágò ló ń wọlé. Ìgbín fẹ́ràn àlejò. Ó ti kọ́ Àmọ̀kẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹni tó kágò dúró síta.

Lówúrọ̀ ọjọ́ kan, Àmọ̀kẹ́ nìkan ló wà nílé.

"Àgò onílé o."

"Àgò yà," ni Àmọ̀kẹ́ dáhùn. Kò tilẹ̀ yọjú.

Ọyẹ́ ló wọlé, eruku bò ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun báláú.

"Omi díẹ̀ ni mo fẹ́ mu, ọmọ dáadáa."

Ó mu ìkòkò omi gbẹ. Ó mu ìrì ẹ̀yìnkùlé gbẹ. Ó padà wọlé, ó jókòó. Nígbà tí Ìgbín fi dé, ètè Àmọ̀kẹ́ ti sán, ara rẹ̀ ti le bí ewé gbígbẹ.

"Àmọ̀kẹ́, ta lo gbà sílé?"

"Àlejò ni, Màmá. Ó kágò."

"Imú rẹ ńkọ́? O kò gbóòórùn eruku?"

"Ẹ ní kí n gba àlejò, ẹ ò ní kí n gbóòórùn rẹ̀."

Ìgbín mọ̀ pé bí Ọyẹ́ bá sùn síbẹ̀, ọmọ òun kò ní rí ọjọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í lé àlejò. Ó bá kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ dìde, ká sìn yín sọ́nà."

"N kò tíì fẹ́ lọ."

"A mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni ńlá bíi tiyín bá lọ láìsí ẹni tó sìn ín, kí làwọn ará àdúgbò máa wí?"

Ọyẹ́ fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn. Ó dìde, ó gbáyà síwájú.

"Ẹ máa lọ níwájú, bàbá," ni Ìgbín wí. "Ẹ ṣáà mọ ìrìn wa."

Bí Ọyẹ́ ti jáde, Ìgbín fi itọ́ dí ẹnu ọ̀nà. Inú bí Ọyẹ́, ó fẹ́ atẹ́gùn lu itọ́ náà. Bó ṣe ń fẹ́ ẹ ló ń le sí i, títí ó fi gbẹ bí ẹfun.

"Àgò," ni Ọyẹ́ wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Àmọ̀kẹ́ lanu. Ìyá rẹ̀ wò ó. Àmọ̀kẹ́ panu dé.

"Màmá, bó bá wá jẹ́ Òjò ló dé ńkọ́?"

"Òjò kì í kágò, kò lẹ́kọ̀ọ́. Imú ni kó o fi máa retí rẹ̀."

Wọ́n retí títí ó fi sú wọn. Lọ́jọ́ kan, òórùn ilẹ̀ tútù rọra wọlé. Àmọ̀kẹ́ fi ahọ́n tọ́ ilẹ̀kùn wò: ó ti rọ̀, ó sì ní adùn omi. Síbẹ̀, kò sáré jáde. Ó na ìwo kan síta, ó fi tọ́ ọ̀tún, ó fi tọ́ òsì.

"Ṣé òun ni?" ni ìyá rẹ̀ bi í látẹ̀yìn.

"Ẹ jẹ́ kí n fara kàn án ná."

Láti ọjọ́ náà ni ìgbín ti ń fi itọ́ dí ẹnu ilé rẹ̀ bí ọyẹ́ bá dé, tí kì í ṣí i títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀. Ìwo rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ yọ síta. Bí o bá fọwọ́ kan ìwo náà, yóò kó o wọlé wéré. Kì í ṣe pé ó ń bá ọ bínú. Ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá omi lo wá mu ni.