Akínlùsì Pàlọ́ Lọ́sàn-án Gangan

Ní ìgbà láéláé, nígbà tí ìlú Olútẹ̀dó ṣì wà lábẹ́ àpáta ńlá, ọdẹ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Akínlùsì, akọni tí í dá wọ igbó tí ogún ọdẹ ń sá fún, ọkùnrin tí kì í bu ẹyọ ọ̀rọ̀ kan mọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Irú wọn ò pọ̀ mọ́ láyé ìsinsìnyí, ó mà ṣe o!

Akínlùsì rí i pé àpáta náà ti là. Igi tó fi há ojú ibẹ̀ lọ́jọ́ ọjà kan ti já wọnú kó tó di ọjọ́ ọjà kejì, torí pé ó ń là sí i. Ó sọ fún ọba, ó sọ fún ìjòyè; wọ́n ní, "Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n bí bàbá wa sí. Lọ sinmi, ọdẹ."

Morádéún aya rẹ̀ ní, "Baálé mi, ẹ sọ fún wọn pé iwin yọ sí yín níbẹ̀. Kíá ni wọn yóò kó kúrò."

"Bí wọ́n bá ká irọ́ mọ́ mi lẹ́nu lọ́la, ta ni yóò tún gbà mí gbọ́? Àmọ́ òótọ́ tí mo sọ lásán kò wọ̀ wọ́n létí. Àlọ́ ni màá pa fún wọn, màá sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àlọ́ ni."

Èèwọ̀ ni àlọ́ ọ̀sán nígbà náà. Síbẹ̀, lọ́sàn-án gangan, níwájú ọba àti gbogbo ìlú ní àgbàlá ààfin, Akínlùsì ké pé, "Ààlọ́ o!" Àwọn ìjòyè fọwọ́ bo ẹnu. Yéyé Ojúọlápé, arúgbó tó dàgbà jù nílùú, kò lè mú un mọ́ra. "Ààlọ̀!" ni ó dáhùn, ni gbogbo ìlú bá bú sẹ́rìn-ín.

Ó wá sọ ti ìyá kan tó ń tẹ́ ọmọ rẹ̀ sábẹ́ àjà tó ti ń ya, nítorí pé abẹ́ àjà yẹn ni ìyá tirẹ̀ náà máa ń tẹ́ òun sí. Kó tó parí, àwọn obìnrin ti ń pariwo, "Ṣé orí ìyá náà pé? Kó gbé ọmọ kúrò níbẹ̀!"

"Kábíyèsí, àlọ́ ni mo pa, kò sí ìyá kankan níbì kankan. Ṣùgbọ́n àpáta wà lókè. Ẹ jẹ́ ká lọ fọwọ́ kàn án."

Ọba fúnra rẹ̀ ki apá bọ ibi tó là títí dé èjìká. Bó ṣe yọ ọ́, ó pàṣẹ pé kí gbogbo ìlú ṣí kúrò. Ọjọ́ náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù.

Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo ìlú ti dé òdìkejì odò tó ṣàn nísàlẹ̀ ìlú kí wọ́n tó rí i pé Yéyé Ojúọlápé ti yọ́ padà lọ mú àpótí ìjókòó rẹ̀. Akínlùsì sáré padà lọ gbé e. Àpáta wó. Wọn kò rí ìkankan nínú àwọn méjèèjì mọ́.

Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún, àwọn ará Olútẹ̀dó a máa pàlọ́ lọ́sàn-án gangan nídìí àwọn òkúta náà, ẹnikẹ́ni sì lè bèèrè pé, "Òótọ́ ni àbí àlọ́?" Dandan ni kí ẹni tó ń sọ ọ́ dáhùn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi ìyá àgbà mi bóyá òótọ́ ni pé Akínlùsì fi ẹ̀yìn gbé àpáta dúró títí gbogbo ìlú fi kọjá.

"Àlọ́ nìyẹn, ọkọ mi," ni wọ́n wí, wọ́n sì ń nu ojú. "Ó padà lọ gbé arúgbó. Òótọ́ nìyẹn."